Ọṣẹ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọṣẹ tí à ń rà lọ́jà, tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé, bí kò ṣe èyí tí ìyá ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé.

Mo ń rí i pé àwọn obìnrin wa tún ti ń padà sídìí iṣẹ́ yìí. Nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù, nígbà tí wọ́n bá ti ṣe àdúrà tán, kò ṣọ̀wọ́n mọ́ kí ìyá kan ṣí àpò rẹ̀, kó mú ègé ọṣẹ kan jáde, kó ní kí àwọn ẹgbẹ́ òun gbóòórùn rẹ̀ wò. Ẹnì kan fi oyin sí tirẹ̀, ẹlòmíràn fi ewé dóńgóyárò gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, ẹlòmíràn fi òrí. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe é nítorí owó. Iṣẹ́ àfipawọ́ ni, bí ẹlòmíràn ti ń hun fìlà tàbí tí ń gbin òdòdó. Mo gbọ́ tí àwọn ọkọ kan ń kùn pé èéfín ti ba ògiri àwọn jẹ́. Èmi kò bá wọn kùn. Bí àwa ọkùnrin bá lè fi ọ̀sán Sátidé ta ayò lábẹ́ igi títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ló dé tí obìnrin kò fi ní fi tirẹ̀ se ọṣẹ? Ọṣẹ tiẹ̀ ń wẹ̀ nílé. Ayò kò wẹ ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tó ń kọ mí lóminú, òun gan-an ló sì mú mi kọ ìwé yìí. A ó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọṣẹ jẹ́ ná.

Ohun méjì péré ló ń di ọṣẹ: ọ̀rá àti omi tó ń jóni. Ọ̀rá lè jẹ́ epo pupa, tàbí àdín, tàbí òróró àgbọn, tàbí òrí, tàbí ọ̀rá ẹran. Omi tó ń jóni ni èyí tí a sẹ́ láti inú eérú, tàbí èyí tí a fi kọ́sítíìkì sódà pò. Nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ń yọ̀ lọ́wọ́, èkejì ń bó ọwọ́. Bí wọ́n bá pàdé ní ìwọ̀n tó yẹ, wọn á jẹ ara wọn tán: a kò ní í rí epo mọ́, a kò sì ní í rí oró mọ́. Ọṣẹ ló kù, pẹ̀lú ohun kan tí wọ́n ń pè ní gilisarínì, tó ń mú kí ara jọ̀lọ̀. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú kí ìwọ̀n méjèèjì bára mu. Bí epo bá pọ̀ jù, ọṣẹ á rọ̀, á sì máa yọ̀. Bí omi tó ń jóni bá pọ̀ jù, ọṣẹ náà á máa ta ni lára bí ata.

Àwọn ìyá ìyá wa kò mọ kọ́sítíìkì. Eérú ni wọ́n lò, ọṣẹ dúdú sì ni wọ́n fi ṣe. Lẹ́yìn ìkórè, wọn á kó èèpo kòkó jọ, wọn á kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mọ́ ọn, àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Wọn á sá a títí yóò fi gbẹ, wọn á sì sun ún títí yóò fi di eérú funfun. Eérú tó bá ṣì dúdú kò tíì jóná tán, èédú ṣì wà nínú rẹ̀. Wọn á wá mú ìkòkò tí wọ́n ti lu ihò sí nídìí, wọn á fi koríko gbígbẹ tẹ́ inú rẹ̀, wọn á da eérú lé e, wọn á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọn á sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń kán sísàlẹ̀, tó pọ́n bíi tíì, òun ni omi eérú. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti ti Òṣogbo mọ irú omi yìí dáadáa, nítorí òun náà ni wọ́n fi ń po aró kí ẹ̀lú tó lè mú aṣọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi eérú náà ti mú tó, kó rọra fi ẹyin adìẹ tútù sí i. Bí ẹyin bá rì, omi náà kò tíì mú. Kó gbé e kaná kó gbẹ sí i, tàbí kó tún fi sẹ́ eérú tuntun. Bí ẹyin bá léfòó, tí orí rẹ̀ yọ síta tó owó ẹyọ kan, ó ti tó lò. Àwọn àgbà a máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyin adìẹ kò wọ́n tó ahọ́n. Ẹ má sì jẹ ẹyin náà lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán.

Nígbà náà ni epo tàbí àdín yóò wọ ìkòkò irin lórí iná, tí a ó máa da omi eérú lé e díẹ̀díẹ̀, tí omorogùn kò ní í sinmi. Ibí ni sùúrù wà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹlòmíràn a sì sè é di ọjọ́ kejì, kí ó tó ki, kí ó tó dúdú, kí ó tó kúrò ní epo tó léfòó lórí omi. Ẹni tó bá kánjú yóò rí nǹkan tó jọ ọbẹ̀ tó fọ́.

Ẹ̀yin ìyá kan ti bi mí pé kí ló dé tí ọṣẹ dúdú kì í le bí ọṣẹ ọjà. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ohun tó wà nínú eérú igi àti èèpo kòkó ni pọtásíọ̀mù, ohun tó wà nínú kọ́sítíìkì sódà sì ni sódíọ̀mù. Ọṣẹ sódíọ̀mù a máa le bí òkúta. Ọṣẹ pọtásíọ̀mù kì í le, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìdí rẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń fi ewé pọ́n ọn nìyẹn, tàbí tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú igbá tó ní ìdérí. Bí tiyín bá rọ̀ lásìkò òjò, kò bàjẹ́. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ: kán-ún tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn Hausa, tí àwọn tó gbọ́ òyìnbó ń pè ní pọ́táṣì, sódà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun inú eérú rárá.

Èmi tí mo ti jókòó sórí ẹní ilé kéwú kí n tó wọ iléèwé òyìnbó, inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ pé orúkọ tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé fi ń pe irú omi tó ń jóni yìí, alkali, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Al-qali ni wọ́n ń pe eérú igbó kan tó ń hù ní ilẹ̀ oníyọ̀. Sābūn ni wọ́n sì ń pe ọṣẹ, òun ni àwọn Hausa sọ di sabulu. Ní ìlú Nablus ní ilẹ̀ Palestine, láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fi òróró ólífì àti irú eérú bẹ́ẹ̀ se ọṣẹ. Ní Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, wọ́n ń fi òróró èso igi kan tó ń ta sánsán mọ́ ti ólífì. Wọn á dà á sí orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ilé ńlá bí ẹni tẹ́ ẹní, wọn á gé e, wọn á tẹ òǹtẹ̀ sí i, wọn á sì tò ó jọ sókè gogoro pẹ̀lú àlàfo láàárín, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ti Aleppo lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé ọjà. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ ìlú méjèèjì sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ.

Àwọn òyìnbó náà kò fi epo wa ṣeré. Epo pupa àti ekuro tí wọ́n ń kó láti etíkun wa lọ sí Liverpool, ọṣẹ ni wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì kó ọṣẹ náà padà wá tà fún wa. Ní 1923, iléeṣẹ́ Lever Brothers fìdí múlẹ̀ ní Èkó fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọṣẹ ìyá ilé ti ń di ohun àtijọ́ díẹ̀díẹ̀.

Kọ́sítíìkì ló tún gbé e dìde. Ní 1791, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Nicolas Leblanc gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi lè mú sódà jáde láti inú iyọ̀ tí à ń jẹ. Láti ìgbà náà ni ọṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ eérú. Lónìí, iná mànàmáná ni wọ́n ń gbà kọjá nínú omi iyọ̀ láti fi mú kọ́sítíìkì jáde, ó sì wà ní gbogbo ọjà wa, funfun bí yìnyín tí a fọ́ wẹ́wẹ́. Ohun tí eérú ń fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe, kọ́sítíìkì a ṣe é láàárín wákàtí kan. Ó rọrùn lóòótọ́.

Ibi tó ń kọ mí lóminú nìyí. Kọ́sítíìkì tí a ti pò mọ́ omi kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ó bá wà nínú ìgò, kò sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi mímu. Ìyá rà á lọ́jà nínú láílọ́ọ̀nù tí kò ní orúkọ lára. Ó pò ó, ó lo ìdajì, ó wá rọ ìyókù sínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ó ní òun yóò tún ṣe ọṣẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ọmọ ọdún méjì ti ibi eré dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó mọ ìgò yẹn; inú rẹ̀ ni wọ́n ti bu nǹkan dídùn fún un lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀kún ẹnu kan ti tó.

Kì í ṣe pé mo ń dẹ́rù bà yín. Àwọn dókítà ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá orílẹ̀-èdè wa ti kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun wọn jóná, ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ ni kọ́sítíìkì náà ti wá. Oró náà kì í dúró lẹ́nu. Ó ń yọ́ ẹran ọ̀nà ọ̀fun, nígbà tí egbò náà bá sì ń jinná, àpá rẹ̀ a máa fún ọ̀nà náà pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ tí a rò pé ara rẹ̀ ti yá kò ní í lè gbé òkèlè mì mọ́. Tó bá yá, ẹ̀kọ kò ní í lọ. Tó bá tún yá, itọ́ rẹ̀ gan-an á ṣòro gbé mì. Àwọn mìíràn wà tí a ní láti la ihò sí wọn níkùn kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nílé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí dókítà lè máa la ọ̀nà ọ̀fun náà, àwọn mìíràn sì wà tí iṣẹ́ abẹ ńlá nìkan ló lè ràn lọ́wọ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìgò náà, ọwọ́ wa ló gbé e síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá mi, ìwọ̀n tí ẹ óò lò lọ́jọ́ náà ni kí ẹ pò, kí ó má ṣẹ́kù. Ẹ má ṣe rọ kọ́sítíìkì sínú ìgò, ife, kẹ́tùlù, bútà, tàbí ohunkóhun tí ẹnu máa ń kàn, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tí kò tíì lò, ẹ fi sílẹ̀ ní gbígbẹ nínú ike tí wọ́n tà á mọ́, tó ní ìdérí tó le, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á yọ́ di omi fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí i lára pé OLÓRÓ NI, kí ẹ sì tì í mọ́ ibi tó ga. Bí ẹ kò bá ní àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì rà á. Ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, kí ó jẹ́ àárọ̀ tí àwọn ọmọdé wà níléèwé, kí èyí tó kéré jù sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Bí ohun tí a kò fẹ́ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ohun tí ọwọ́ wa máa ń yá sí jù ni kò yẹ kí a ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà bì. Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀ yóò tún jó o nígbà tó bá ń padà bọ̀ sókè. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ má fún un ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú èrò pé ìkan rẹ̀ yóò pa oró náà. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, àti ìgò náà pẹ̀lú, kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Bí kò bá tilẹ̀ sunkún mọ́, ẹ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ ara ló ta sí, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni oògùn rẹ̀, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ ojú, omi náà ni, láìdáwọ́dúró, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá ti gbọ́ gbogbo èyí, tó sì ṣì fẹ́ ṣe é, mo fara mọ́ ọn. Iná náà ń jóni, a kò sì jáwọ́ nínú oúnjẹ sísè. Ìwọ̀n kan tó dára nìyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: epo pupa gíráàmù 600, àdín gíráàmù 300, òrí gíráàmù 100, kọ́sítíìkì sódà gíráàmù 140, omi gíráàmù 320. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti wọn gbogbo rẹ̀, títí kan omi. Agolo mílíìkì kò tó o ṣe: agolo kọ́sítíìkì kan àti agolo epo kan kò wúwo bákan náà, ẹni tó bá fi ojú díwọ̀n rẹ̀ ló ń ṣe ọṣẹ tó ń bó ni lára. Ìwọ̀n tí mo kọ yìí fi epo díẹ̀ sílẹ̀ tí kọ́sítíìkì kò ní í jẹ tán, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, kí ẹ sì wà níta gbangba. Ẹ fi omi sínú ike tó nípọn tàbí abọ́ tánganran tí kò bó, kí ẹ wá máa da kọ́sítíìkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sódà ni à ń dà sínú omi. A kì í da omi lé sódà lórí, nítorí á hó, á sì ta sí ni lójú. Omi náà á gbóná gidi láìsí iná nísàlẹ̀ rẹ̀, á sì máa rú èéfín; ẹ má dorí kọ ọ́. Ẹ má sì lo ìkòkò alumíníọ̀mù, àwọn tó ń dán bíi fàdákà tí púpọ̀ nínú wa fi ń se ìrẹsì. Kọ́sítíìkì a máa jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná.

Ẹ yọ́ ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ jẹ́ kí òun àti omi kọ́sítíìkì tutù títí wọn yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ẹ rọra da omi náà sínú epo, kí ẹ máa rò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á dà bí ohun tí kò ní í dì láéláé. Ẹ má dúró. Tó bá yá, á ki bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, bí ẹ bá sì fa omorogùn kọjá lórí rẹ̀, ipa rẹ̀ á hàn kí ó tó rì. Àsìkò nìyẹn láti fi ohun tó ń ta sánsán sí i, kí ẹ sì dà á sínú àpótí pákó tí ẹ ti fi láílọ́ọ̀nù tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ bò ó mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gé e, ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kí ẹ fi sílẹ̀ kí ó tó kan ara. Àwọn ará Aleppo ń dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin náà lè dúró fún oṣù kan.

Èyí ewu rẹ̀ kò pọ̀ láti sọ: ẹ má fi ìpara ìbóra kankan sínú ọṣẹ yín, ì báà ṣe ọmọge kékeré ló bẹ̀ yín. Nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń bóra ni mákúrì wà, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní 2013 ti ní kí ọṣẹ ìbóra onímákúrì kásẹ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń rí i lórí àtẹ.

Àǹfààní kan wà nínú ọṣẹ ilé tí àwa Mùsùlùmí yóò mọ rírì rẹ̀: ẹ mọ ọ̀rá tí ẹ fi ṣe é. Ọṣẹ ọjà mìíràn, ọ̀rá ẹran ni wọ́n kọ sí i lára, wọn kò sì sọ ẹran wo. Àwọn àlùfáà àgbà ti jiyàn lórí èyí láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tó tẹ̀lé ọ̀nà Imam Abu Hanifa sọ pé bí ọ̀rá bá ti yí padà di ọṣẹ, ohun mìíràn ló dà, kì í ṣe ọ̀rá mọ́. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi àdín ṣe ọṣẹ tirẹ̀ kò ní í wá sí ibi ìjiyàn náà rárá.

Ọ̀rá àgbò Iléyá sì ńkọ́? Lọ́dọọdún ni mo ń rí i tí wọ́n ń dà á fún ajá àti igún. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ yọ́ ọ lórí iná jẹ́jẹ́, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Ọ̀rá á dì sórí omi bí àwo. Bí ẹ bá tún fi omi tuntun àti iyọ̀ díẹ̀ yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, òórùn àgbò náà á dín kù. Ẹ lè fi gíráàmù 600 rẹ̀ rọ́pò epo pupa nínú ìwọ̀n tí mo kọ sókè, ọṣẹ funfun tó le ni yóò jáde, ó sì dára gan-an fún aṣọ fífọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ rántí níbẹ̀: a kì í ta ohunkóhun lára ẹran tí a fi ṣe Iléyá, ì báà jẹ́ ẹran rẹ̀, awọ rẹ̀, tàbí ọ̀rá rẹ̀. Ọṣẹ tí ẹ bá fi ọ̀rá rẹ̀ ṣe, ẹ máa lò ó nílé. Èyí tó bá kù, ẹ gé e sí kéékèèké, kí ẹ pín in fún àwọn aládùúgbò tí ẹ fún ní ẹran lọ́jọ́ ọdún.